Bí Ẹ Ṣe Lè Yá Owó Ra Mọ́tò Mìíràn Nígbà Tí Ẹ Ṣì Wà Nínú Bankruptcy ní Amẹ́ríkà

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń san owó Chapter 13 mi, ìyẹn ètò bankruptcy tí kọ́ọ̀tù fi ń jẹ́ kí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn máa san án díẹ̀díẹ̀, láìfo oṣù kankan, kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi tó kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan tí mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn funfun, ó sì ki bí ògì. Omi ti wọnú ọ́ìlì. Ó nù ún mọ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní kí n má wulẹ̀ náwó lé e lórí mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti jókòó síwájú díìlà kan tó ń polówó pé bankruptcy kì í ṣe ìṣòro lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n fún mi ní bírò, mo fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí wọ́n tì síwájú mi, mo san dọ́là 1,200 sílẹ̀, mo sì wa mọ́tò wálé. Ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí. Báǹkì tí wọ́n fẹ́ gbé gbèsè náà fún ti rí i pé Chapter 13 mi kò tíì parí, wọ́n sì ń béèrè ìwé àṣẹ láti kọ́ọ̀tù. Mi ò ní in. Mo wa mọ́tò padà, mo wọ bọ́ọ̀sì wálé, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi lé owó tí mo san sílẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún mi. Kò tiẹ̀ pé nígbà tó dé.

Àṣìṣe mi kò ju ẹyọ kan lọ: mo jẹ́ kí mọ́tò ṣíwájú ìwé. Nínú bankruptcy, ìwé ló ń ṣíwájú. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, lọ́yà yín ló sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ tiyín mu gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo tọ̀ nígbà kejì, tí mo fi rí mọ́tò tí mo ṣì ń wà títí di òní, òun ni mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ Chapter tí ẹ wà

Ìjọba àpapọ̀ ló ni òfin bankruptcy ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ló sì ń gbọ́ ọ. Síbẹ̀ àgbègbè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín kọ́ọ̀tù náà sí ní àṣà tirẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ yín ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè má jẹ́ ohun tí wọ́n máa ṣe fún yín. Fún àwa mẹ̀kúnnù, méjì ló wọ́pọ̀.

Chapter 7 ló ń yá. Bí kò bá sí ìdíwọ́, nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ ni discharge máa ń jáde, ìyẹn ìwé tó sọ pé wọ́n ti pa àwọn gbèsè náà rẹ́. Owó iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, tiyín ni, nítorí náà ẹ kì í sábà nílò àṣẹ adájọ́ kí ẹ tó yá owó mọ́tò.

Chapter 13 ni ti oníṣùúrù. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ẹ ó fi máa san owó fún trustee, ẹni tí wọ́n yàn láti gba owó lọ́wọ́ yín kó sì pín in fún àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè. Ẹ ti kọ gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀ fún kọ́ọ̀tù. Bí gbèsè tuntun bá wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìṣirò yẹn dàrú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ní àgbègbè mìíràn, ìwé àṣẹ láti ọwọ́ trustee ti tó. Ní òmíràn, àfi kí adájọ́ buwọ́ lù ú. Ibi tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, àwọn tó wà nínú Chapter 13 ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀ràn yìí ti le.

Ẹ pe lọ́yà lọ́jọ́ tí mọ́tò kú

Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo mọ bó ṣe ń rí lára: ojú ń tini, èèyàn á máa rò pé lọ́yà á bínú pé wàhálà tún dé. Àwọn lọ́yà yìí ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ nǹkan kan létí wọn mọ́. Ọdún márùn-ún gùn ju ẹ̀mí ọ̀pọ̀ mọ́tò àlòkù lọ.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà lórí fóònù. Ṣé trustee ló ń fúnni láṣẹ níbí ni àbí adájọ́? Ìwé wo ni wọ́n máa fẹ́ rí? Eélòó ni owó iṣẹ́ lọ́yà lórí èyí, ṣé ó wà nínú èyí tí a ti bá ara wa sọ àbí ó yàtọ̀?

Bó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ló ba mọ́tò jẹ́, tí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ráǹsì sì sọ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ fara balẹ̀ gidi. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí mọ́tò náà, ẹni tó yá yín lówó ló ń kọ́kọ́ gba nínú owó ínṣọ́ráǹsì. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù tí wọ́n kọ sọ̀wédowó lórúkọ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án kí lọ́yà tó sọ̀rọ̀, torí kọ́ọ̀tù lè ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sí i. Nígbà mìíràn lọ́yà lè bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi owó ínṣọ́ráǹsì náà ra mọ́tò mìíràn, kí ẹni tó yá yín lówó wá gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kúrò lórí mọ́tò tó bàjẹ́ bọ́ sórí tuntun. Substitution of collateral ni wọ́n ń pè é. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ò ní jẹ gbèsè tuntun rárá. Púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé ó wà, ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ mú owó trustee oṣù yẹn lọ fi tún mọ́tò ṣe. Bí ọwọ́ bá há, òfin fàyè gbà á kí lọ́yà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ètò ìsanwó yín tò. Bí ẹ bá kàn dákẹ́ tí ẹ ò san, wọ́n lè lé ẹjọ́ yín dànù, gbogbo àwọn olówó tí òfin ti dá dúró yóò sì padà wá kan ilẹ̀kùn.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ẹ ra?

Ẹ gba iye owó àtúnṣe lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í ṣe nítorí ara yín nìkan: trustee lè béèrè ìdí tí ẹ ò fi tún èyí tí ẹ ní ṣe, ìwé mẹkáníìkì ni èsì tó dára jù lọ. Bó bá jẹ́ gíà ló bàjẹ́ tí dọ́là 2,500 sì lè tún un ṣe, tí ara mọ́tò ṣì le, kò sí ìdí láti wọ gbèsè ọdún márùn-ún.

Ìṣirò: ẹ jẹ́ kí owó yan mọ́tò

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé. Wọ́n á rí mọ́tò, ọkàn wọn á fà sí i, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí owó ṣe máa bá a mu. Ẹ yí i padà.

Ìwé méjì wà nínú fáìlì yín tí wọ́n ń pè ní Schedule I àti Schedule J. Owó tó ń wọlé ló wà nínú I, ìnáwó ilé ló wà nínú J. Lọ́yà máa ní láti tún méjèèjì kọ láti fi hàn pé ẹ lè san owó mọ́tò tuntun láìfọwọ́ kan owó trustee. Ẹ jókòó, ẹ fi òótọ́ inú tún un ṣe kí ẹ tó wo mọ́tò kankan. Ṣé owó iṣẹ́ ti lé sí i? Ṣé ọmọ kan ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń sanwó fún láti tọ́jú rẹ̀? Ṣé mọ́tò tó kú náà ní owó oṣooṣù tó ti dópin? Iye tó bá ṣẹ́kù, ẹ yọ owó ínṣọ́ráǹsì kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó pè é ní owó mọ́tò. Mọ́tò tí gbèsè wà lórí rẹ̀, ayánilówó máa fẹ́ kí ẹ gbé ínṣọ́ráǹsì tó kún, ó sì lè wọ́n ju èyí tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ráǹsì ṣáájú.

Wàyí o, èlé. Ẹni tó wà nínú bankruptcy kì í rí èlé tó rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá yá dọ́là 15,000 fún oṣù 60, bíi dọ́là 381 ni ẹ ó máa san lóṣù. Lápapọ̀ ẹ ó san nǹkan bíi 22,850. Dọ́là 7,850 ti bá èlé lọ. Bí díìlà bá wá sọ pé, ẹ má yọnu, ẹ jẹ́ ká fà á dé oṣù 72, owó oṣù á wálẹ̀ sí bíi 342, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n èlé ti di nǹkan bíi 9,630. Nítorí dọ́là 39 lóṣù, ẹ ti fi nǹkan bíi dọ́là 1,780 tọrẹ. Ẹ wá wo ẹni tó gbà láti wa mọ́tò kékeré tó yá dọ́là 9,000 fún oṣù 48 lórí èlé kan náà: bíi 264 lóṣù, èlé rẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi 3,700 lọ, gbèsè rẹ̀ á sì ti tán nígbà tí ti ẹni àkọ́kọ́ ṣì ku ọdún kan.

Mo mú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mọ́tò náà kò ní fèrèsé lórí òrùlé rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kò sì ní awọ. Ó ń gbé mi dé ibi iṣẹ́.

Owó àjọ, owó ẹbí, àti orúkọ àbúrò

Àwa ọmọ Yorùbá ní láti bá ara wa sọ̀rọ̀ níbí. Púpọ̀ nínú wa ló ń dá àjọ tàbí èsúsú, a ò sì kà á sí nǹkan tó kan kọ́ọ̀tù. Ó kàn án. Owó tí ẹ ti dá tí ẹ kò tíì kó, ohun ìní yín ni. Bí ẹ bá ti kó tiyín ṣáájú, tí ẹ ṣì ń dá a lọ, gbèsè ni. Bó bá jẹ́ àjọ ni ẹ fẹ́ fi san owó àsansílẹ̀ mọ́tò, ẹ sọ fún lọ́yà bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé bó ṣe ń lọ, torí ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bákan náà ni owó tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni náà kọ ìwé ṣókí tó sọ pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Trustee kì í bínú sí ẹ̀bùn tí wọ́n fi hàn án. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ tó wá já sójútáyé ló ń fa ìbéèrè.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún pátápátá ni kí àbúrò tàbí ọmọ ìyá ra mọ́tò lórúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló fẹ́ wà á, kí ẹ wá máa san án lábẹ́lẹ̀. Àbúrò yẹn ti parọ́ fún báǹkì nínú ìwé tó fọwọ́ sí, ẹ̀yin náà ń san gbèsè tí kọ́ọ̀tù ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, orúkọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́, ẹ ò sì ní lè gbà á sílẹ̀ torí ẹ̀yin fúnra yín ṣì wà nínú omi. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ó lè ṣe onídùúró yín ní gbangba, kí gbogbo èèyàn mọ̀, kí òun náà sì mọ̀ pé bí ẹ ò bá san, òun ni wọ́n máa bi.

Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí

Ayánilówó tó mọ Chapter 13 dájú, ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀: ta ni trustee yín, ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹni tí kò béèrè rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìdí wà ńlẹ̀. Abala 1305 nínú òfin bankruptcy sọ pé bí ẹni tó yá yín lówó bá mọ̀, tàbí ó yẹ kó mọ̀, pé ó ṣeé ṣe láti gba àṣẹ trustee ṣáájú tí wọn ò sì gbà á, kọ́ọ̀tù kò ní fara mọ́ ohun tó bá wá béèrè nínú ẹjọ́ yín. Ẹ̀yin náà kò sì ní bọ́, torí abala 1328 lè mú kí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín lẹ́yìn tí ìyókù bá ti lọ.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá ó mọ àwọn tí kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ sí ìwé wọn rí. Ẹ tún lọ sí credit union, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́ bíi báǹkì, pàápàá bí ẹ bá ti ń fi owó pamọ́ síbẹ̀, tí wọn kò sì sí lára àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè nínú ẹjọ́ yìí. Wọ́n lè kọ̀, kò pa yín lára láti béèrè. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni méjì mẹ́ta ni ẹ fẹ́ wádìí, ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìṣirò FICO, ìyẹn máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ń ka ìwádìí owó mọ́tò tó wáyé láàárín ọjọ́ péréte sí ẹyọ kan ṣoṣo.

Àwọn díìlà tó ń tà tó tún ń yáni lówó fúnra wọn, buy here pay here, máa ń gba ẹni tí gbogbo ayé ti kọ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ, mo mọ ẹni tí ibẹ̀ gbé dìde. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan méjì: ṣé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó lè pa mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn sínú rẹ̀, ṣé wọ́n sì ń sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè pé ẹ ń san dáadáa? Bí wọn ò bá sọ, ẹ máa san ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé ó ṣe orúkọ yín lóore kankan.

Ẹ kó àwọn ìwé yìí dání: ìwé owó iṣẹ́ oṣù méjì tó kẹ́yìn, ìwé tó fi hàn pé ẹ ń san owó trustee déédéé, ìwé kọ́ọ̀tù tó fọwọ́ sí ètò ìsanwó yín, láísẹ́ńsì, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé. Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó trustee. Ẹni tó ti san oṣù 27 láìfo ọ̀kan, ó ní ohun tó fi ń yangàn.

Gbígba àṣẹ

Ayánilówó máa kọ ìwé àdéhùn tí ẹ kò ní tíì fọwọ́ sí: irú mọ́tò, iye rẹ̀, èlé, iye oṣù, owó oṣooṣù. Lọ́yà máa so ó mọ́ Schedule I àti J tuntun, á sì fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní motion to incur debt ṣọwọ́ sí kọ́ọ̀tù, tàbí sí trustee bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n máa sọ ìdí tí mọ́tò fi pọn dandan. Ẹ bá lọ́yà kọ ọ́ kó rí bó ṣe rí gan-an: iṣẹ́ wà ní máìlì 22 sílé, bọ́ọ̀sì kò bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́fà, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń wọlé. Bí ẹ kò bá débi iṣẹ́, ẹ kò ní lè san owó trustee, ìyẹn sì yé adájọ́ ju ohunkóhun lọ.

Ọgbọ́n kan tó wúlò gidi rèé. Mọ́tò tí ẹ fẹ́ràn lónìí, wọ́n lè tà á kí ìwé tó jáde, torí kọ́ọ̀tù lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ dúró de àwọn tó bá fẹ́ tako ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ bi lọ́yà bóyá ó lè kọ ọ́ báyìí: mọ́tò yìí tàbí irú rẹ̀, gbèsè tí kò ju iye báyìí lọ, èlé tí kò ju báyìí lọ, owó oṣù tí kò ju báyìí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n máa ń gbà á. Bí àṣẹ bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ ní àyè láti yan èyí tó wà lọ́jà, ẹ sì ní ohun tí ẹ lè fi han díìlà nígbà tó bá ń fẹ́ gbé yín gòkè: adájọ́ ló ní kò gbọ́dọ̀ ju ibí lọ.

Kí ẹ máa dúró yìí kò rọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ tí a sì jọ ń bọ̀, mo ń bá a ra epo. Ẹ wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ìkánjú má bàa tì yín sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ.

Bó bá jẹ́ Chapter 7 ni tiyín

Bí ẹ bá lè dúró títí discharge fi jáde, ẹ dúró. Oṣù mẹ́rin kò pọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ayánilówó ni kì í sì fẹ́ rí yín kí ìwé yẹn tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn kan ń gbà lẹ́yìn ìpàdé tí ẹ bá trustee ṣe, tí wọ́n ń pè ní 341 meeting, ṣùgbọ́n èlé wọn máa ń ga.

Ní ti mọ́tò tí ẹ ti ní tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i nínú ìwé kan láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀, tàbí kí ìpàdé yẹn tó wáyé bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè dá mọ́tò padà, kí gbèsè rẹ̀ sì lọ. Ẹ lè fọwọ́ sí reaffirmation, ìyẹn ni pé ẹ tún gba gbèsè náà mọ́ra bí ẹni pé ẹ ò lọ sí kọ́ọ̀tù lórí rẹ̀ rárá. Ẹ rò ó dáadáa, torí bí mọ́tò bá kú lọ́dún tó ń bọ̀, gbèsè á ṣì máa lé yín. Ẹ ní àǹfààní láti yí ọkàn padà kí discharge tó jáde, tàbí láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n fi ìwé àdéhùn náà sí kọ́ọ̀tù, èyí tó bá pẹ́ jù. Ọ̀nà kẹta ni redemption. Bí ẹ bá jẹ dọ́là 14,000 lórí mọ́tò tí iye rẹ̀ kò ju 6,000 lọ lọ́jà, òfin gbà kí ẹ san 6,000 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì gba mọ́tò yín. Kíkó owó náà jọ lẹ́ẹ̀kan ló le, àwọn ayánilówó kan sì wà tó jẹ́ pé èyí gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Gbèsè tuntun tí ẹ bá jẹ lẹ́yìn tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ kò sí lára èyí tí wọ́n máa pa rẹ́. Ẹ kò sì lè gba discharge Chapter 7 mìíràn títí ọdún 8 fi kọjá láti ọjọ́ tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ẹ yẹ mọ́tò wò

Gbogbo mọ́tò ló ní nọ́ńbà VIN tó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò mọ́tò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún yín bóyá àbùkù kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n gbé e wá tún ṣe tí wọn kò tíì tún un ṣe. Ẹ san owó fún mẹkáníìkì tiyín kó yẹ̀ ẹ́ wò. Díìlà tí kò jẹ́ kí ẹ gbé e lọ, ẹ fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lára gíláàsì mọ́tò àlòkù, díìlà gbọ́dọ̀ lẹ ìwé Buyers Guide mọ́ ọn. Bó bá kọ As Is síbẹ̀, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́la, tiyín ni.

Nídìí tábìlì tí ẹ ó ti fọwọ́ sí i

Ẹ mú ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù jáde, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àdéhùn, ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: gbèsè, èlé lọ́dún, iye oṣù, owó oṣooṣù. Bí ẹyọ kan bá ju ti àṣẹ lọ, kódà dọ́là márùn-ún, ẹ má fọwọ́ sí i. Lọ́dọ̀ tèmi, wọ́n ti fi àfikún ìdánilójú àtúnṣe kan sí i tí mi ò béèrè, ó sì gbé owó oṣù kọjá iye tí adájọ́ ní. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n yọ ọ́ kúrò láìjiyàn.

Ẹ béèrè ní tààrà pé: ṣé ayánilówó ti gba gbèsè yìí tán àbí ó ṣì ku? Bó bá ṣì ku, mọ́tò kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mú mi nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ọjọ́ mẹ́ta wà láti dá a padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó fúnni ní ọjọ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà kò kan mọ́tò tí ẹ rà ní ọgbà díìlà.

Lẹ́yìn tí mọ́tò délé

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn àti ti ínṣọ́ráǹsì ránṣẹ́ sí lọ́yà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin ni yóò máa san owó náà tààrà tàbí trustee ni yóò máa gbà á, kí ẹ má bàa rò pé ẹlòmíràn ń san án. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà, ẹ yẹ ìtàn gbèsè yín wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní annualcreditreport.com, kí ẹ rí i pé owó tí ẹ ń san ń hàn níbẹ̀. Bí Chapter 13 yín bá parí tí discharge sì jáde nígbà tí gbèsè mọ́tò ṣì ku, ẹ padà sí credit union, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi èlé tó rọlẹ̀ gbà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó tó kẹ́yìn, ẹ gba ìwé lien release lọ́wọ́ ayánilówó, ìyẹn ìwé tó sọ pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí mọ́tò náà mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé mọ́tò ní ìpínlẹ̀ yín bí wọ́n bá béèrè fún un, kí ìwé ìní mọ́tò náà lè jáde lórúkọ yín nìkan.